Wáyà Tí A Kò Gbọdọ̀ Yìn

"Sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà yẹn! Mo ní kó o sọ̀kalẹ̀ kí n tó gbọn ìwọ àti ọ̀dà ẹ dànù!"

Akunlé tó wà lórí àkàbà ò mọ èyí tí ì bá ṣe. Búrọ́ọ̀ṣì ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀dà funfun ń kán sórí àwọn tó dúró wòran nísàlẹ̀. Lókè orí rẹ̀ ni pátákó ilé ìtajà wà, èyí tó ti ń jẹ́ ETÍ ÀTI AHỌ́N láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i. ETÍ ṣì ń dán níbẹ̀ bí ojú ológbò. ÀTI ti wọ abẹ́ ọ̀dà lọ. AHỌ́N ló kù, tí funfun ń jẹ láti ẹ̀gbẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ ilẹ̀kùn.

"Má dá a lóhùn," ni Etí-Wúrà wí láti ẹnu ọ̀nà. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó ń wo àwọn lébìrà nínú oko rẹ̀. "Èmi ni mo pè ọ́ níṣẹ́. Kùn ún lọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣàlàyé fún mi. Kí ni mo ṣe?" Ahọ́n-Oyin di ẹsẹ̀ àkàbà mú.

"O ò ṣe nǹkan kan. Ìyẹn gan-an lẹ̀ṣẹ̀ ẹ. Etí làwọn èèyàn ń wá síbí. Ta ló ń wá ahọ́n? Ahọ́n wà lẹ́nu ajá."

Àwọn òǹwòran bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Bí wọ́n bá na Ahọ́n-Oyin, ó lè dákẹ́. Bí wọ́n bá fi ṣẹ̀sín, ahọ́n rẹ̀ á jáde bí ọ̀bẹ.

"Ahọ́n ajá ló ń bọ́ ọ! Ta ló sọ fáyé pé òkúta etí odò máa ń mú ohùn tutù? Ta ló ní kí wọ́n gbé wáyà sórí pákó kékeré kí òtútù ilẹ̀ má baà mú un? Wáyà, ẹ̀yin èèyàn mi! Bí ẹni pé ó lẹ́dọ̀fóró! Mo pa á nírọ́, wọ́n gbà á gbọ́, o jẹ, o yó. Ìwọ tí o ò mọ ìyàtọ̀ láàárín fèrè àti ikọ́!"

Ẹ̀rín tán lẹ́nu àwọn èèyàn. Kì í ṣe nítorí àṣírí tó tú. Nítorí pé ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní "ìwọ" ni, lójú títì, lójú oníbàárà.

Ìyá wọn sá jáde láti inú ilé, aṣọ tó ń rán lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ ṣì ń jó lára òwú. "Ẹ má ṣe é o! Ọmú kan náà lẹ mu o!"

Etí-Wúrà ò wo ìyá. Ó ki ìka kan bọ ẹnu, ó fi kan ahọ́n, ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹ ìka náà mọ́ ilẹ̀ bí ẹni tó ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé.

"Ó dáa," ló wí, ohùn rẹ̀ sì tutù ju òkúta etí odò lọ. "Lọ ṣí tìẹ. Ṣùgbọ́n ìhòòhò lọjà rẹ máa wà. Ẹni bá wò ó, ìhòòhò rẹ̀ ló máa rí."

Akunlé parí iṣẹ́ rẹ̀, ó gba owó, kò dúró ka ṣéńjì.

*

Ẹ jẹ́ kí n la òwò yìí fún yín, kó má baà rú yín lójú. Àwọn kan wà láyé tó fẹ́ràn orin débi pé orin fúnra rẹ̀ ò tó wọn mọ́. Wọ́n á ra ẹ̀rọ, wọ́n á ra gbohùngbohùn tó ga tó ọmọ ilé ìwé, ọkàn wọn ò sì ní balẹ̀. Wọ́n á máa rò pé nǹkan kan ṣì kù. Nǹkan tó kù yẹn làwọn ọmọ ìyá méjì yìí ń tà.

Wáyà bàbà ni, irú èyí tí wọ́n fi ń tan iná balùwẹ̀. Wọ́n á rà á ní róòlù, wọ́n á gé e, wọ́n á gbé e fún ìyá wọn. Ìyá, tó ti fi abẹ́rẹ́ tọ́ àwọn méjèèjì, á wá rán aṣọ fún wáyà, aṣọ híhun tó bá a mu bí ìbọ̀sẹ̀. Wọ́n á tẹ́ aṣọ àrán sínú àpótí, wọ́n á tẹ́ wáyà sí i bí ọmọ tuntun. Ahọ́n-Oyin á kọ ìtàn rẹ̀: wọ́n wa bàbà rẹ̀ nínú òkè dúdú kan, wọ́n mú un sinmi nínú òkùnkùn kó lè gbàgbé ariwo ayé. Lẹ́yìn náà ni Etí-Wúrà á jókòó níwájú oníbàárà, á di ojú, orin á bẹ̀rẹ̀, á mí kanlẹ̀: "Háà."

"Háà" yẹn lọjà. Ẹni tó bá lóun ò gbọ́ ìyàtọ̀, a jẹ́ pé etí tálákà ló ní. Ta ló fẹ́ jẹ́wọ́ etí tálákà láwùjọ? Ẹ̀gbọ́n lóun ló ń ṣe é, àbúrò lóun ni. Bẹ́ẹ̀ irọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n pín sí méjì, wáyà ò mọ nǹkan kan nínú ẹ̀.

Ahọ́n-Oyin gba ṣọ́ọ̀bù ní òdìkejì títì, gíláàsì kọjú sí gíláàsì. Ìyá lóun ò ní gbè sẹ́yìn ẹnì kan, ó ń ránṣọ fún àwọn méjèèjì. Ojú ti ń ṣú mọ́ ìyá yìí o. Etí ló fi ń ríran. Bí ọmọ bá ń wọ sálúbàtà bọ̀ láti ìkángun títì, á ti mọ èyí tó jẹ́. Bí ẹ̀rọ ìránṣọ bá fẹ́ bàjẹ́, á ti gbọ́ ikọ́ rẹ̀ kó tó dáṣẹ́ sílẹ̀.

Oníbàárà àkọ́kọ́ tó wọ ṣọ́ọ̀bù tuntun ni awakọ̀ bàálù kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ó jókòó. Ahọ́n-Oyin tú oyin sílẹ̀, ó sọ̀rọ̀ títí ọ̀rọ̀ fi ń tàn lára ògiri. Orin bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun.

"Àbúrò," ló wí, "ṣé kì í ṣe wáyà lásán nìyí?"

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó wọ̀ yín lára ná."

"Ó ti wọ̀ mí lára. Wáyà ni wáyà." Ó dìde, ó lọ. Ahọ́n-Oyin ń wò ó nínú gíláàsì bó ṣe sọdá títì, tó wọ ilé Etí-Wúrà, tó sì gbé àpótí aláràn-án jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín.

Adájọ́ obìnrin kan wá. Ẹ̀rín pa á débi tó fi ń nu omijé. Tọkọtaya kan wá, wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń rẹ́ wa jẹ látọjọ́ yìí nìyẹn?" Gbogbo wọn ló ń sọ òótọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Kò sí ẹ̀gún tó burú fún ẹni tó ń ta afẹ́fẹ́ ju kí àwọn èèyàn máa rí òótọ́.

Òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú gbohùngbohùn apá ọ̀tún. Ahọ́n-Oyin tú ẹ̀yìn rẹ̀. Ìrẹ̀ ló kún ibẹ̀. Ẹnì kan ti fa ìyẹ́ wọn yọ, níkọ̀ọ̀kan, láìya ara wọn, ó sì to wọn kí wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Wọn ò kú. Èjìká wọn ń mì lọ mì bọ̀, wọ́n ń kọrin tí kò lóhùn.

*

Alágbàfọ̀ kan wà nísàlẹ̀ ilé alájà kan, níbi tí ooru omi gbígbóná ti máa ń bo ojú fèrèsé lọ́sàn-án gangan. Ẹni tó gbé aṣọ wá á gba nọ́ńbà rẹ̀, á lọ. Ẹni tó gbé nǹkan mìíràn wá ló ní bó ṣe ń wí.

"Àbàwọ́n kan wà tí kò lọ," ni Ahọ́n-Oyin wí, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Obìnrin náà ò gbójú sókè lára àyọ́ọ̀nù. "Lára aṣọ àbí lára èèyàn?"

"Lára ọmọ ìyá mi."

"Ìyẹn le ju epo mọ́tò lọ. Kí lo fẹ́ kí n fọ̀ lára rẹ̀?"

"Etí rẹ̀, ìyá. Etí yẹn náà ló fi ń jẹun. Bí kò bá gbọ́ mọ́, kò ní lè sọ pé òun gbọ́."

"Bí etí ò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Oore lo fẹ́ ṣe é nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò ní ìró kankan, eyín nìkan ló yọ. "Gbé wáyà wá."

Ó ti gbé e dání. Ó gé e nínú èyí tó nípọn jù. Alágbàfọ̀ rì í bọ inú ọpọ́n omi sítáàṣì tó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ń fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń kùn sí i lábẹ́ ohùn, àwọn ẹ̀wù funfun tó so rọ̀ lókè sì ń yí apá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan síbi tó dúró sí, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn ò fẹ́.

"Ìkòkò létí, kì í gbọ́ràn.
Odò létí, kì í gbọ́ràn.
Aṣọ létí, a rán an, a ṣẹ́ ẹ, kì í gbọ́ràn.
Ẹni bá fẹnu yìn ọ́, kó létí bí aṣọ ṣe létí."

Ó fa wáyà náà jáde. Ó gbẹ lójú ẹsẹ̀. Ó tutù bí irin tó sùn níta.

"Yóò jẹ etí ẹni tó bá kọ́kọ́ yìn ín nígbà tí orin bá ń gba inú rẹ̀ kọjá," ló wí. "Ẹni tó bá bú u, kò ní ṣe é ní nǹkan. Ẹni tó bá dákẹ́, kò ní ṣe é ní nǹkan. Ìyìn lohun tó ń jẹ."

Ahọ́n-Oyin pàtẹ́wọ́. "Ìyá, ẹ ti parí ẹ̀! Ẹ̀gbọ́n mi á yin ìfun ewúrẹ́ bí wọ́n bá fi àrán wé e."

"Gbọ́ èyí tó kù, kó o yé pariwo. Bí ọkàn rẹ bá yí padà, fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ níwájú ẹlòmíràn pé ìwọ lo rán an, àti ẹni tó o rán an sí. Bó o bá ti sọ bẹ́ẹ̀, wáyà lásán ló tún dà."

"Ọkàn mi ò ní yí padà."

"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn máa ń wí." Ó mú àyọ́ọ̀nù. "Oògùn mi ò mojú o. Máa lọ, aṣọ ń dúró dè mí."

*

Ó fi aṣọ tó dára bò ó, ó tẹ́ ẹ sínú àrán, ó fi káàdì ilé iṣẹ́ kan tí kò sí níbì kankan láyé lé e lórí, ó fún oníṣẹ́ alùpùpù kan kó gbé e lọ. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ máa ń dé ọ̀dọ̀ Etí-Wúrà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: àwọn tó ń ṣe wáyà á fi èyí tí wọ́n ṣe ránṣẹ́ kó lè bá wọn yìn ín. Ìṣe rẹ̀ ò yàtọ̀ rí. Á kì í mọ́ ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀, á pe àwọn èèyàn jọ, á di ojú, "Háà."

Ahọ́n-Oyin dúró sẹ́yìn gíláàsì tirẹ̀, ó ń wò ó.

Etí-Wúrà ṣí àpótí. Ó tẹ̀ ba, ó gbóòórùn ohun tó wà níbẹ̀. Ó rọra gbé orí sókè, ó la gíláàsì tirẹ̀ wò, ó la títì wò, ó la gíláàsì kejì wò, títí ojú fi ko ojú. Ó dé àpótí náà padà. Ó fi ẹsẹ̀ tì í sábẹ́ tábìlì. Ó wá gbé ọwọ́ sókè, ó fọwọ́ kan etí ọ̀tún, ó fọwọ́ kan etí òsì, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lára jáwójáwó tó ń wò ó bóyá pọ́ọ̀sì rẹ̀ ṣì wà.

Ó yíjú padà. Ẹ̀yìn etí rẹ̀ hàn. Gbéré tútù wà níbẹ̀, ó dúdú, ó tò wálẹ̀ dé ọrùn.

Láti ọjọ́ yẹn ni Ahọ́n-Oyin ò ti sùn ire. Ó ń gbọ́ kùn-ùn nínú orí. Ó ń fi ṣíbí lu ife lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ara rẹ̀ láàárọ̀, kó lè mọ̀ bóyá ó ṣì ń gbọ́. Kí ni ẹ̀gbọ́n òun mọ̀? Ta ló sọ fún un? Ó padà sọ́dọ̀ alágbàfọ̀. Ilẹ̀kùn wà ní títì pa. Nínú fèrèsé, ẹ̀wù kan ṣoṣo ló so rọ̀ níbẹ̀, wọ́n ti lọ̀ ọ́, ó ń dán. Ẹ̀wù rẹ̀ ni. Èyí tó ní bọ́tìnnì tí kò bá ìyókù mu, tí ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ rán mọ́ ọn. Kò gbé e wá síbẹ̀ rí.

Ó sá lọ sílé lọ wo àpótí aṣọ rẹ̀. Ẹ̀wù náà ò sí níbẹ̀.

Ì bá lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ náà kó ní, "Èmi ni mo rán an, ẹ dárí jì mí." Gbólóhùn kan péré ni. Ọkùnrin tó lè sọ̀rọ̀ kí òkúta ra òkúta, gbólóhùn kan há a lọ́fun. Ó rántí AHỌ́N tó ń parẹ́ lójú pátákó, ó rántí ẹ̀rín àwọn òǹwòran, ó gbé gbólóhùn náà mì.

*

Dókítà eyín kan ló kù tó gbẹ́kẹ̀ lé. Ọkùnrin náà ń kọ́lé, ó fẹ́ ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún orin nìkan, gbogbo wáyà tó máa wọ ibẹ̀ ló fẹ́ rà. Bó bá rà á, ṣọ́ọ̀bù á mí. Bí kò bá rà á, onílé á ti ilẹ̀kùn. Ó wá ní ọ̀sán, ó jókòó sórí àga ìgbọ́rin, ó ká ẹsẹ̀.

"Ẹ̀yin ni Ahọ́n-Oyin? Wọ́n ní ẹ lè ta iná fún ọ̀run àpáàdì."

"Dókítà, eyín ìlú wà lọ́wọ́ yín, ahọ́n rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ara kan náà la jọ ń tọ́jú."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Nǹkan ti ń dán mọ́rán. Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ọ̀pá ìyá lẹ́nu ọ̀nà, kó, kó, kó.

"Ṣé oníbàárà wà ńbí? Mo gbọ́ bàtà awọ. Ẹ kú ìjókòó o, ọ̀gá." Ìyá wọlé, ó gbé nǹkan kan tó fi aṣọ wé mọ́yà. "Ọmọ mi, mo ti lọ bá ẹ̀gbọ́n ẹ. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo ní kó fún mi ní èyí tó dáa jù nínú ilé rẹ̀, kí n fi bẹ̀ ọ́. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó mú èyí wá lábẹ́ tábìlì. Aṣọ ara ẹ̀ ò wù mí, mo bọ́ ọ, mo fọwọ́ ara mi rán òmíràn fún un. Aṣọ ìgbéyàwó mi ni mo gé."

Kí Ahọ́n-Oyin tó lanu, dókítà ti gbà á lọ́wọ́ ìyá. "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́! Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ." Àwọn olówó tó fẹ́ràn orin kì í jẹ́ kí wọ́n bá wọn fọwọ́ kan nǹkan. Ó ki orí kan mọ́ ẹ̀rọ, ó ki orí kejì mọ́ gbohùngbohùn. Orin bẹ̀rẹ̀, ohùn obìnrin kan àti gìtá.

Ahọ́n-Oyin na ọwọ́ kan wáyà náà. Ó tutù bí irin tó sùn níta. Òórùn sítáàṣì gba inú aṣọ ìgbéyàwó jáde.

"Ó yá, ẹ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀," ni dókítà wí. "Oyin dà?"

Ahọ́n-Oyin lè fà á yọ, ṣùgbọ́n kí ló máa sọ? Ó lè jẹ́wọ́: èmi ni mo rán an, ẹ̀gbọ́n mi ni mo rán an sí. Níwájú dókítà? Níwájú ìyá tó bí àwọn méjèèjì? Èrò kan wá yọ́ wọ inú rẹ̀, ó tutù, ó sì burú: ẹlòmíràn wà níbí tó lè yìn ín. Etí olówó pọ̀ nílùú. Ó dákẹ́. Ó tiẹ̀ mi orí sí dókítà, ó fi ọwọ́ ṣe bí ẹni pé, ẹ̀yin náà ẹ wí.

Dókítà di ojú. Ó gbọ́, ó gbọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú bí ẹni tó jí lójú oorun.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé mi ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan?" ló wí pẹ̀lẹ́. "Wáyà ni wáyà." Ó dìde, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀. "Àti pé ẹ̀yin gan-an ò rí nǹkan sọ nípa rẹ̀. Ìyẹn náà tó mi gbọ́."

"Ọ̀gá, ẹ dúró ná." Ìyá ti fi ọ̀pá wá ọ̀nà dé àárín yàrá. Ó ti gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń mí; ó mọ èémí ẹni tí ọjà ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọmọ mi yìí, ìtìjú ló mú un lónìí. Ẹ jẹ́ kí n bá a sọ ọ́."

"Ìyá mi, ẹ fi sílẹ̀." Ohùn rẹ̀ ò ju èémí lọ.

"Fi kí ni sílẹ̀? Ẹnu ẹ ló wọ́n lónìí, tèmi ò wọ́n." Ó gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, síbi tí orin ti ń bọ̀, ojú rẹ̀ sì tàn. "Mo ti ń ránṣọ fún wáyà yín látọjọ́ yìí, mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú wọn rí, mo kàn ń dákẹ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí..."

"Ìyá mi! Ẹ má sọ ọ́! Èmi ni mo..."

"...èyí dáa, ọ̀gá. Ó dùn dé egungun. Láti ọwọ́ ọmọ mi kan sọ́wọ́ ọmọ mi kejì ló gbà wá. Wáyà dáadáa ni."

"Èmi ni mo rán an! Ẹ̀gbọ́n mi ni mo rán an sí! Ìyá mi, èmi ni!"

Dókítà dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin inú gbohùngbohùn gbé orin sókè, gìtá tẹ̀ lé e, ògiri ń dún.

Ìyá ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó na ọwọ́ síwájú, ó ń wá wọn.

"Èé ṣe tẹ́ ẹ pa orin?" ló bi wọ́n.